Àdúrà Màmá Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ tí màmá mi pè mí ní ọlọ́kadà ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé sí Lagbé, abúlé wa, láti kí wọn. Àìsàn ìgbàgbé ti mú wọn, ṣùgbọ́n mo ń fọ́nnu pé ta ni yóò rí orí ńlá mi yìí tí yóò gbàgbé rẹ̀? Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, “Ọlọ́kadà, máa lọ o. Mi ò lọ sí ọjà Igolo lónìí.”

Àbúrò mi tó ń tọ́jú wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi ti gba ojú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá nìkan lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti máa ń gbàdúrà láràárọ̀ kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo fara ti ògiri, mo sì gbọ́ ohùn wọn:

“Jésù, Àkànní ọmọ mi ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kẹ́yìn. Níbi yòówù tó bá wà, jẹ́ kó jẹun yó.”

Èmi ni Àkànní. Mo sunkún bí ọmọdé. Ohun tí wọ́n ti ń bá Ọlọ́run sọ lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àìsàn kò rí i gbà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n rí mi. “Ọlọ́kadà, o ṣì wà níbí?”

“Mo wà níbí, Màmá. Mo ti yó.”