Oorun Ọ̀sán Nídìí Ìléru

Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá Ìléru ti ń yan lẹ́búlẹ́bú bátìrì nínú yàrá ìwádìí tí kò ní fèrèsé. Bátìrì olómi tí wọ́n ń fi síńkì ṣe ni wọ́n ń wá níbẹ̀, èyí tí kì í gbiná. Ọkọ rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn láti èṣí. Òun ló ń gbé e, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, kó tó sáré wá síbi iṣẹ́. Ó rẹ obìnrin náà dé eegun, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ nìkan ni ilé ń jẹ. Lẹ́tà ìkìlọ̀ méjì sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àṣìṣe. Tí ẹ̀kẹta bá dé, ilé ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti lẹ́búlẹ́bú bọ ìléru, ó jókòó tì í, oorun gbé e lọ. Kò ṣí páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú ìléru. Nígbà tó ta jí, èyí tó yẹ kó pupa rúsúrúsú ti dúdú bí èédú. Òfin ni pé kí wọ́n da irú rẹ̀ nù. Ìyá Ìléru rántí lẹ́tà kẹta, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ má bú u. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀gá rẹ̀, onímọ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín, sáré wọlé tòun ti ìgò náà.

"A ti cháàjì bátìrì tí a fi èyí ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún, kò rẹ̀ ẹ́! Ọ́síjìn ò pé lára lẹ́búlẹ́bú yín, ó lu ihò tíntìntín, ihò yẹn ni síńkì ń gbà wọlé jáde wẹ́rẹ́. Àbùkù yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, mi ò rí i ṣe. Báwo lẹ ṣe ṣe é, Ìyá Ìléru?"

Ìyá Ìléru wo ìgò náà. Tó bá sọ òótọ́, iṣẹ́ bọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà ń fẹ́ agbára, agbára ò sì sí mọ́.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ṣí páìpù. Oorun ló gbé mi lọ."

Ọ̀gá mú bírò. Obìnrin náà ti ń retí lẹ́tà kẹta.

"Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi sùn?"

"Háà, sà! Ẹni tó ń sùn á ti ṣe mọ̀?"

Lẹ́tà kò jáde. Ọ̀gá ní kó tún un yan láìsí afẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, títí yóò fi bá ti ọjọ́ náà mu, kó má sì dijú rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ìléru ṣe jókòó ti aago fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń fi àìsùn wá iye oorun tó sùn.