Ṣòkòtò Tí Télọ̀ Ń Gbé Lọ sí Ẹnu Géètì

Ìbàdí ṣòkòtò ni télọ̀ yìí fi ń mọ bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń rù sí i. Oṣooṣù ló ń gbé aṣọ mímọ́ lọ sí ẹnu géètì bárékè tí wọ́n ti àbúrò náà mọ́, sójà á gbà á, á sì kó ìdọ̀tí fún un. Ojú ò gbọdọ̀ kan ojú. Bó bá délé, á tẹ́ ṣòkòtò ìdọ̀tí náà sórí tábìlì, á wo ibi tí àbúrò rẹ̀ ti ká a pọ̀ tó fi okùn so ó, á sì gba ìbàdí rẹ̀ wọlé kó lè fún sí i. Ó ti gbà á wọlé débi pé ọmọdé ló kù tó lè wọ̀ ọ́.

Aago ni àbúrò náà ń tún ṣe, Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí bọ́ǹbù bú ní ibùdókọ̀, àwọn agbófinró ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n rí wáyà, wọ́n rí bátìrì, wọ́n rí aago. Ní ṣọ́ọ̀bù aláago! Ṣé ẹja ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀ ni? Wọ́n ní afẹ̀míṣòfò ni, wọ́n gbé e lọ, ọdún kẹrin rèé, kò tíì fojú kan adájọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹnì kankan rárá.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Tíṣà, oníbàárà télọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wá rán aṣọ. Ní ibùdókọ̀ yẹn ni Tíṣà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kú sí. Bí télọ̀ ti ń wọn èjìká rẹ̀, lọ́yà kan àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń fa ọ̀rọ̀ lórí rédíò, bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa ti afurasí mọ́lé láìgbẹ́jọ́.

"Kí wọ́n jẹrà síbẹ̀," ni Ìyá Tíṣà wí. "Ta ló gbọ́ ẹjọ́ ọmọ tèmi kí wọ́n tó pa á?"

Télọ̀ ju téèpù sílẹ̀.

"Ìyá mi, mo sunkún Tíṣà, ẹ mọ̀. Àmọ́ àbúrò mi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Torí tìẹ ni mo ṣe ń panu mọ́ látọjọ́ yìí."

"Ẹ má panu mọ́ mọ́! Ẹ ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù. Bó bá jẹ́ òun ló ṣe é, mi ò ní rán ṣòkòtò kankan fún un mọ́ láyé. Bí kì í bá wá ṣe òun ńkọ́? Ẹni tó pa Tíṣà ń rìn káàkiri nìyẹn. Ó lè jẹ́ èmi náà ni mò ń ránṣọ fún un."

Ìyá Tíṣà jókòó.

"Ọjọ́ wo lo tún ń lọ sí bárékè?"

"Ọ̀la ni, mà."

"A jọ ń lọ ni."

Sójà ẹnu géètì kì í ṣèèyàn burúkú. Ó ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀ pé kí télọ̀ bá òun fẹ yunifọ́ọ̀mù nítorí ikùn, ni Ìyá Tíṣà bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ọmọ tèmi wà lára àwọn tó kú. Ìgbà wo lẹ máa gbé Aláago lọ kóòtù? Mo fẹ́ jókòó síwájú, kí n gbọ́ ohun tó ṣe."

Àánú ṣe sójà náà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, wọn ò lè gbé e lọ. Wọ́n ti wádìí ẹ̀ tipẹ́, wọn ò rí nǹkan kan."

"Kí ló wá ń ṣe níbí?"

"Ẹni tí wọ́n bá rí nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń dé iwájú adájọ́. Èyí tí wọn ò rí nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ta ló fẹ́ buwọ́ lùwé pé kó máa lọ?"

Igbe ta lẹ́nu télọ̀. Ìyá Tíṣà ò ké ní tiẹ̀. Ó ṣán gèlè mọ́lẹ̀, ó jókòó lé e níwájú géètì gan-an.

"Lọ pe ọ̀gá ẹ. Sọ fún un pé mò ń wá ẹni tó pa ọmọ mi, ẹ sì fi aláago dí mi lójú."