Plọ́gíìnì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn

Ìyá mi ti bá mi fagi lé ohun tí mo fẹ́ rà lónìí!

Mò ń ṣe géèmù orí fóònù kan, ọjà ìlú Kabba ló wà nínú rẹ̀. Mo wá rí plọ́gíìnì kan, iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀, tó máa jẹ́ kí àwọn èèyàn inú géèmù máa rìn fúnra wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán an wò. Kò mú kí fóònù lọ́ra, àlàyé rẹ̀ sì yé mi. Ó kù kí n sanwó.

Màámi yọjú wò ó.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ń bára wọn jà ni?"

"Ìjà kẹ̀, Màámi?"

"Wọ́n ń kọjá lára ara wọn, ẹnìkan ò kí ẹnìkan. Kabba wo nìyẹn?"

Mo tú plọ́gíìnì náà wò títí, kò síbi tí wọ́n ti ń kíra. Inú bí mi, mo pa á tì, mo jókòó kọ tèmi. Bí ẹni méjì bá ti pàdé, ọ̀kan á kí èkejì bí wọ́n ṣe ń kíra ní Kabba, "Okun o!" Ohùn ara mi ni mo fi sí i.

Mo gbé e fún Màámi. Fóònù ní, "Okun o!"

Màámi ní, "Òo, okun o! Ará ilé ńkọ́?"

Ó sì ń dúró kí fóònù dá òun lóhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, plọ́gíìnì wo ló máa dáhùn ìyẹn?