Oúnjẹ Abẹ́ Dẹ́kìn Bàbá Jimoh

Ọjọ́ tí Bàbá Jimoh fẹ́ fi ìpayà pa lọ́yà, gbogbo Ìdúmàgbò ló gbọ́ igbe. Lọ́yà Lázárò wá wo ilé tí Bàbá ń kọ́ fún un. Àwọn káfíńtà ń fi hámà gbá àwọn igi tó gbé dẹ́kìn tuntun dúró dànù, gbàgà, gbàgà. Ọjọ́ yẹn ni dẹ́kìn náà, kọnkéré ńlá tí wọ́n dà sókè ilé, máa kọ́kọ́ dá dúró láyé. Lọ́yà yọjú wọlé báyìí, ló bá rí Bàbá lábẹ́ rẹ̀ gan-an, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjèèjì, lórí ẹní, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn.

"Yéè! Jésù! Bàbá Jimoh, ẹ jáde níbẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

Bàbá gbójú sókè, ó nu epo lẹ́nu. "Ẹ má bínú, Lọ́yà. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹun. Ganiat, bu tiwọn."

Títí dòní, bí wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́rìn-ín. Ganiat ọmọ rẹ̀, tó ti di ọ̀gá kọ́ńpìnnì báyìí, kì í tètè rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó rántí eruku tó ń já bọ́ sínú ẹ̀wà rẹ̀.

Bíríkìlà ni Bàbá kó tó dá kọ́ńpìnnì tirẹ̀, Jimoh àti Àwọn Ọmọ, sílẹ̀. Ilé kan ló wó lu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sáré lọ pe agbaṣẹ́ṣe tó ni iṣẹ́, wọ́n bá a nílé, ó ń jẹun. Bàbá ní kò burú, òun náà á máa jẹun, ṣùgbọ́n abẹ́ dẹ́kìn gan-an lòun ti máa jẹ ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ bá a jà títí. "Bàbá Ganiat, bí nǹkan yìí bá já, gbogbo wa ló máa pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

"Ìyẹn gan-an ló dáa," ni Bàbá wí. "Kò ní sí opó, kò ní sí ọmọ òrukàn."

Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ti Sìsí Adeline. Sìsí fẹ́ kí Bàbá gbé òkè kan sí i lé ilé àwọn bàbá rẹ̀ ní Pópó Àgùdà. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. "Sìsí, ilé yìí gbé bàbá bàbá yín, ó gbé bàbá yín, ó ń gbé yín. Arúgbó ni. Ṣé ẹ tún fẹ́ kó máa pọnmọ ni?"

Sìsí lọ wá agbaṣẹ́ṣe mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá gbé bẹ́ńṣì síwájú ilé náà, ó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, Bàbá á kí i dáadáa, á wá bi í pé, "Ṣé ẹ ti dágbére fún àwọn èèyàn yín?"

"Bàbá Jimoh, ẹ ń ba orúkọ ilé mi jẹ́!"

"Orúkọ nìkan ni mo bà jẹ́, Sìsí. Ẹni tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún, ilé gan-an ló máa bà jẹ́."

Sìsí jáwọ́ nínú òkè náà, ilé ṣì dúró dòní. Sìsí sì ń sọ fáyé pé òun lòun ronú ẹ̀.

Haleem, àbúrò Ganiat, ló wá kó ìpayà bá ilé. Ó ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú ìwé ẹnjiníà, ó ní oúnjẹ abẹ́ dẹ́kìn ò bójú mu mọ́. "Bàbá, kọ̀ǹpíútà ló ń sọ pé dẹ́kìn dáa, kì í ṣe ẹ̀wà."

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Kí kọ̀ǹpíútà wá jókòó síbẹ̀."

Àìsàn ti mú Bàbá nígbà náà, ló bá fi ilé tí wọ́n ń kọ́ fún Àlájà Azeemah, lọ́nà Ìgbóṣeré, lé Haleem lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ igi, Bàbá fi ọ̀pá rìn débẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní. Màmá jókòó, Ganiat jókòó. Haleem dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Haleem, wá jókòó."

"Ebi ò pa mí, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ebi."

Haleem tún fà sẹ́yìn. Òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí. Ṣíbí Ganiat dúró sẹ́nu.

"Káfíńtà! Ẹ má fọwọ́ kan igi kankan mọ́!" Bàbá pariwo. "Ìyá Ganiat, dìde. Ganiat, jáde!" Nígbà tí gbogbo wọn bọ́ síta, ó kọjú sọ́mọ rẹ̀. "Kí lo ṣe sínú rẹ̀?"

Haleem dọ̀bálẹ̀ nínú yanrìn. "Irin tín-ín-rín ni mo lò. Àlájà ní kí n dín ìnáwó kù. Mo rò pé á gbé e."

Inú bí Ganiat. "Haleem! O jẹ́ kí Màmá wọlé! O ń wò wá, a jókòó síbẹ̀!"

Bàbá ò lù ú. Ó gba hámà ńlá, ó na dẹ́kìn náà lẹ́ẹ̀kan, ikọ́ gbé e. "Ẹ bá mi wó o," ló wí. "Ikọ́ ti gba hámà lọ́wọ́ mi."

Kó tó kú, ó fi kọ́ńpìnnì lé Ganiat lọ́wọ́. "Haleem mọ ilé kíkọ́ jù ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo lẹ́nu láti sọ pé ó tì." Kọnkéré tuntun tí Haleem dà sílé Àlájà ò tíì gbẹ tí Bàbá fi lọ. Ẹbí ní kí Ganiat lé Haleem dànù kó tó pa èèyàn. Ganiat ò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ igi yíyọ pé ná.

Ọjọ́ náà pé. Ganiat àti Màmá débẹ̀, wọ́n bá Haleem lórí ẹní, òun, Mariyah ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ wọn.

"Yéè! Gbé ọmọ yẹn jáde!"

"Àǹtí mi, ẹ jókòó," ni Haleem wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi so irin yẹn."

Ẹsẹ̀ Ganiat ló kọ́kọ́ gbà, kí ọkàn rẹ̀ tó gbà. Ó jókòó. Hámà bẹ̀rẹ̀. Mariyah bu ẹ̀wà fún wọn.

"Kí ló dé tí ariwo hámà pọ̀ tó báyìí lónìí?" ni Ganiat bèèrè.

"Bó ṣe máa ń pọ̀ náà nìyẹn," ni Màmá wí. "Bàbá yín ló máa ń fọ̀rọ̀ bò ó. Ẹ̀rù máa ń bà á."

"Ta ni? Bàbá?"

"Gbogbo ìgbà. Á máa pa yín lẹ́rìn-ín, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró mi, á di orúnkún mi mú bí ẹni tó fẹ́ já a. Mo máa ń tiro délé ni."

Igi tó kẹ́yìn ṣubú. Dẹ́kìn dúró gbọn-in. Haleem bú sẹ́kún. Màmá bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú òun náà, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Ẹ wò ó, kò tiẹ̀ dùn mí lónìí."

Ganiat sún mọ́ ọn, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, ó di orúnkún náà mú.

"Rárá o," ni Màmá wí. "Tiẹ̀ máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ."