Yìnyín Tíṣà Dosi

Ọdún 1938 ni Tíṣà Dosi kọ́ mi ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Badagry. Obìnrin Ègùn ni, ará Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, síbẹ̀ kò sí ọmọ tó jẹ́ fi í ṣeré. Ó ti fi ọdún mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ láìní ìwé-ẹ̀rí. Lọ́dún yẹn, wọ́n sọ fún un pé bí Inspẹ́kítọ̀ òyìnbó bá fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, ó di tíṣà gidi. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó máa lọ sílé.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwa ọmọdé ni òyìnbó fẹ́ wò. Ìwé tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ ti yan ohun tí a máa ṣe lóṣù ọyẹ́: béárì funfun, péńgúìnì, àti ilẹ̀ tí yìnyín bò. Àwa ọmọ etí òkun! Ẹja wà, akàn wà, ọkọ̀ wà, ojú wọn ò rí ìyẹn. Inú ṣì ń bí mi di òní. Tíṣà Dosi kò ráhùn ní tirẹ̀. Ó ní péńgúìnì jẹ́ ẹyẹ tí kò lè fò, tó máa ń dúró ṣánṣán bí alàgbà tó fẹ́ ka ẹ̀kọ́ kìíní. A ṣa àgbọn wẹ́wẹ́ tó já láìgbó, a fi èédú kun ẹ̀yìn wọn, a fi ẹfun kun àyà wọn. Bébà ni a gé ṣe béárì.

Ó wá ku yìnyín. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́lágadé, ní, "Ẹ lo òwú, Tíṣà. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn."

"Òwú kì í yọ́, sà," ni Tíṣà fèsì. "Ìwé yẹn náà ló sọ pé yìnyín máa ń yọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n mọ̀."

Gbogbo ará ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá mú, òróró àgbọn á dì, á funfun. Òróró yìí ni ìyá Tíṣà ń sè ní Gberefu. Ó fún un ní kèrègbè méjì, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀: "Vi ṣie, ọmọ mi, oòrùn ni ọ̀gá òróró o."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Inspẹ́kítọ̀ máa wá, òróró ti dì gbagidi nínú páànù ńlá. A to àwọn ẹranko wa lé e lórí. Zinsu ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ kàn án, ó pariwo pé ó tutù, Tíṣà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Aago mẹ́jọ ni Inspẹ́kítọ̀ dá. Aago mẹ́jọ lù, mẹ́wàá lù. Ìró ìbọn la ń gbọ́ lójú ọ̀sà: òyìnbó ti dúró yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ. Àgbà ní a kì í mọ iyán gún kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Nígbà tó fi dé, ọ̀sán ti pọ́n, páànù òrùlé ti gbóná, àwọn béárì ti dojú bolẹ̀ nínú òróró, àwọn péńgúìnì sì ń léfòó.

Òyìnbó ti ìka bọ òróró náà, ó fi áńkáṣíìfù nù ún. "Kí nìyí?"

"Yìnyín ni, sà. Ó ti yọ́."

"Ṣé o ti dé ibi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

Ohun tó kọ sílẹ̀ nìyí: "Olùkọ́ yìí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀." Tíṣà nu ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ sílé.

Lọ́dún kejì, Mísì Comfort dé láti Èkó, ó gba ipò Tíṣà Dosi. Ó tẹ́ òwú sórí tábìlì, ó to béárì lé e. Inspẹ́kítọ̀ yẹn náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó yìn ín, kò bi í léèrè ibi tó dé rí.

Nígbà tí mo bá ìyá mi lọ ra àgbọn ní Gberefu, mo rí Tíṣà Dosi tó ń bó àgbọn. Mo sáré lọ kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Tíṣà."

Kò gbójú sókè. "Dosi ni mò ń jẹ́," ló wí, ó sì mú àgbọn mìíràn.