Àpótí Iná Ìyálé Mi

Ẹ fa àga yín súnmọ́bí. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o jókòó, nítorí ohùn mi kì í lọ jìnnà mọ́. Ọmọ ọmọ kan wà nínú ilé yìí tó ti ń lẹ iná wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú àpótí pákó kan láti àárọ̀. Ẹlíìdì ló pè é. Ó ní òun fẹ́ fi gbin ẹ̀fọ́ sínú yàrá, pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan, pé orí fóònù lòun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ ti rí irú èyí rí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi tí irú iná bẹ́ẹ̀ ti sọ di òjòwú!

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. Kò sí ohun tó ń lé wa.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni à ń gbé nígbà náà, ní àwọn ọdún tí ológun ń ṣèjọba. Ìyàwó méjì ni ọkọ mi ní. Èmi ni ìyàwó, ẹni tó ṣáájú mi ni ìyálé mi, tí mo ń pè ní Àǹtí. Oníṣẹ́ iná ni ọkọ wa, ó máa ń tún iná ṣe káàkiri àwọn ọ́fíìsì ní Yábàá. Bí mo bá dáná fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí, tó ń sùn lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ti ìyálé mi. Bí mo ṣe bá a nílé nìyẹn, a kì í jà sí i. Yàrá tèmi kọjú sí títì, oòrùn àárọ̀ a sì máa wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ti ìyálé mi wà lẹ́yìn. Fèrèsé kan ṣoṣo tó ní kọjú sí ilẹ̀ òfìfo kan, ibẹ̀ ló ti ń rí ìmọ́lẹ̀ fún àwọn ewé rẹ̀.

Obìnrin yẹn fẹ́ràn ohun tó bá ń hù. Ẹsẹ̀ kan tó máa ń dùn ún kì í jẹ́ kó rìn jìnnà, nítorí náà inú agolo mílíìkì àti ike ọ̀dà ló ń gbin nǹkan sí, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: ẹ̀fìnrìn, ata wẹ́wẹ́, àti fúláwà kan tó ń fà lára ògiri bí okùn. Nígbà tó yá, ẹni tó ra ilẹ̀ òfìfo náà kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Ó gbé ògiri rẹ̀ súnmọ́ wa débi pé bí ìyálé mi bá na ọwọ́ jáde ní fèrèsé, búlọ́ọ̀kù ni yóò fọwọ́ kàn. Yàrá ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀fìnrìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ata ga tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń na ọrùn wá nǹkan.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọkọ wa kó pákó jọ sẹ́yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Mo rò pé ilé adìẹ ni, inú mi sì ti ń dùn sí ẹyin.

Kì í ṣe ilé adìẹ. Àpótí gígùn kan ni, tí kò ní ìsàlẹ̀, tí kò ní iwájú. Ó fi ọ̀dà funfun kun inú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò sára pákó. Ó so tíúbù gígùn mọ́ òkè rẹ̀ nínú, irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, tí wọ́n ti yọ dànù nítorí pé etí rẹ̀ ti ń dúdú, ṣùgbọ́n tó ṣì ń tàn. Ṣóòkù tó ń gbé iná náà dìde, ara iná mìíràn tó ti bàjẹ́ ló ti tú u. Ohun tó rà kò ju wáyà díẹ̀ àti ṣéènì tó fi gbé e kọ́. Bí ewé bá ti ń ga, á fi ṣéènì náà gbé àpótí sókè. Bó sì ṣe ń mọ̀ pé iná ti súnmọ́ jù ni pé á na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè ewé, á dúró díẹ̀. Bí ara ọwọ́ bá gbóná, ewé náà ń jóná nìyẹn. Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mò ń wò wọ́n.

Nígbà tó tan án, yàrá náà mọ́lẹ̀ báláú. Ìyálé mi pàtẹ́wọ́. Ó ki ọkọ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, oríkì tí èmi kò tíì kọ́ parí. Mo padà sí yàrá mi, mo lọ ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Ká ní ó kàn án tán tó sì fi í sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n iná yìí ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ wa ń lọ wò ó, àti ní ọ̀sẹ̀ tèmi o.

"Dádì, oúnjẹ ti délẹ̀."

"Mò ń bọ̀, ìyàwó. Mo kàn fẹ́ gbé iná yẹn sókè díẹ̀ ni."

Díẹ̀ yìí, ẹ̀bà á tutù, ọbẹ̀ á dì. Màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Á ṣì lọ.

"Kí lẹ fẹ́ lọ wò nínú òkùnkùn?"

"Mo fẹ́ pa á lára ògiri ni, kó má baà ṣàdédé tàn bí iná bá dé."

"Àǹtí ò lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń pa á ni?"

Á rẹ́rìn-ín, á lọ. Bó bá wá padà sọ́dọ̀ mi, ẹ̀fìnrìn ló ń rùn lára ẹ̀wù rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tèmi! Mo fọ ẹ̀wù náà, mo tún un fọ̀, ẹ̀fìnrìn náà ni.

Èmi náà bá wá ike, mo gbin ẹ̀fìnrìn, mo gbin ata, mo tò wọ́n sójú fèrèsé mi. Mo ní kó kan àpótí fún mi. Ó wo ewé mi tó ń dán yọ̀yọ̀.

"Ìyàwó, oòrùn Ọlọ́run ń ràn sí tìẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lo fẹ́ fi tíúbù ṣe?"

Mo mú kúbùsù tó nípọn jù nínú ilé, mo fi ìṣó kàn án mọ́ fèrèsé. Ẹ ò gbọ́ mi bí? Èmi tí mo ní fèrèsé tó dáa jù, mo fi kúbùsù dí i pa kí ewé mi lè ṣàìsàn. Ooru mú mi bí ẹni wà nínú ìkòkò. Ọ̀sán gangan ni mò ń fọwọ́ tá ògiri wá ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ní ẹ̀fọn ti pọ̀ jù, mo ní kí wọ́n panu mọ́. Mo ní ojú ló ń dùn mí, pé kò fẹ́ oòrùn.

Àwọn ewé náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, wọ́n pọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fa ọkọ mi lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ wá wo ohun tó ń ṣe tèmi náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, ó fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀. Ó wo kúbùsù, ó wò mí.

"Ojú ṣì ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an ni."

Ó mi orí. Mo ti ń wo àjà, mò ń ro ibi tí màá ní kó gbé àpótí tèmi kọ́ sí. Bàbá yìí kàn kó gbogbo ike mi mọ́ àyà ni, ó gbé wọn kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kó wọn sábẹ́ iná ìyálé mi!

"Ìyálé ẹ á bá ẹ tọ́jú wọn," ló wí. "Àyè ṣì wà lábẹ́ ẹ̀."

Ẹ gbà mí o. Bí mo bá fẹ́ rí ewé tí mo fọwọ́ ara mi gbìn, àfi kí n kan ilẹ̀kùn orogún mi. Mo ṣe agídí títí, nígbà tó yá mo lọ. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ń já ewé gbígbẹ lára ata mi. Wọ́n ti ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Jókòó, ìyàwó. Ojú ẹ ńkọ́?"

"Ó ti ń fúyẹ́, Àǹtí."

"Mo bá ẹ dúpẹ́. Èmi ń wá ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dí mi mọ́lé. Ìwọ ní tìẹ, o lọ ń kan kúbùsù mọ́ ọn." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo rí i láti ìta. Mo ní àbí ìyàwó ti ń sin ìgbín ni?"

Mo na ọwọ́, èmi náà ń já ewé gbígbẹ.

"Kì í ṣe iná lo ń bá jà. Sọ ohun tó ń ṣe ẹ́."

"Ọ̀sẹ̀ tèmi ni, Àǹtí. Ọ̀dọ̀ yín ló máa ń wà."

Ó já ewé gbígbẹ mìíràn. "Ká má purọ́, mo mọ̀. Ó sì ń dùn mọ́ mi."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Mo fẹ́ dìde, ó fà mí ní ìró jókòó. Ó ní ìgbà tí ọkọ wa gbé mi wọlé, òun kò lè jẹun, pé òun máa ń ka ìgbà tí mo bá rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi. Ó ní kò sẹ́ni tó bá òun gbé nǹkan kan sókè nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló pe ọkọ wa, ó sọ fún un pé láti òní lọ, yàrá tó bá ń sùn ni kí ó máa gbé àpótí náà lọ, tòun ti ewé tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí, ọkọ wa á tú ṣéènì, á gbé àpótí mọ́ra, á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Àwọn ayálégbé á máa pariwo pé, "Ìyàwó kẹta ń ṣí lọ o! Ẹ yà fún un!" Òun náà á ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí ti sọ mí di alábàárù."

Ṣé owú mi tán? Kò tán. Á jókòó ti àpótí náà nínú yàrá mi, á ní, "Wo ẹ̀fìnrìn Àǹtí ẹ yìí, ó ti ga o." Ṣùgbọ́n ó wà níwájú mi, ẹ̀bà rẹ̀ sì gbóná. Mo ti ká kúbùsù kúrò ní fèrèsé.

Ọdún ń lọ. Ọkọ wa ṣàìsàn, kò dìde níbẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí ti ilé wá, wọ́n pín nǹkan rẹ̀ sí ìdí méjì. Kálukú wa dúró sí yàrá rẹ̀. Àkọ́bí ìyálé mi gba àpótí irinṣẹ́, àkọ́bí tèmi gba àkàbà. Nígbà tó kan àpótí iná, wọ́n ní ìyálé mi ni wọ́n kàn án fún, òun ni yóò gbà á. Mo tún lọ ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí iná náà fi kọ̀, kò tàn mọ́. Àkọ́bí ìyálé mi kó irinṣẹ́ dé, ó tú u, ó gbá a, kò dáhùn. Ìyálé mi ní kí wọ́n pè mí wá.

"Ìwọ lo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó," ló ní. "Ojú ẹ kì í ṣáà kúrò níbẹ̀."

Mo gun àga. Mo yọ sítátà, nǹkan kékeré ẹ̀gbẹ́ tíúbù tó ń ṣáná sí i, mo mú òmíràn nínú àpótí irinṣẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ bí mo ṣe rí i tí ọkọ wa ń ṣe, mo yí tíúbù náà títí ó fi wọ ẹnu ara rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó tàn. Mo na ẹ̀yìn ọwọ́ mi sókè ewé, mo dúró díẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ìyálé mi ń sunkún. Ó ní kí n padà wá lọ́la.

Mo padà lọ lọ́la, mo sì ń lọ títí òun náà fi kú. Àpótí náà di ti ọmọ ọmọ rẹ̀. Òun ló ń lẹ ẹlíìdì mọ́ ọn níbẹ̀ yẹn, tó ń pè mí ní Màmá. Àkàbà ti jẹrà, irinṣẹ́ ti fọ́nká. Ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ mi fi ń lọ wo iná ni ó kàn mí nínú ogún. Nígbà tí ìyálé mi wà láyé, bí mo bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, ẹ̀fìnrìn ló ń rùn lára aṣọ mi, ọmọbìnrin mi á sì máa kùn pé, "Màmá, ẹ ti ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn. Oúnjẹ yín ti tutù."

Màá ní, "Mo kàn lọ gbé iná yẹn sókè díẹ̀ ni."