‘Ẹ’ Kan Tó Dá Gbogbo Wa Dúró

Títí dòní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, tí òórùn rẹ̀ gbígbóná gba imú mi, ojú máa ń tì mí ni. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lè máa dá itọ́ mì, èmi á kàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Òórùn balógun ikọ̀ wa ni. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìwáyà ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun ló ń pò láti ìdájí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ bàtà bọ́ọ̀lù, á wá bá wa lórí pápá ní Sùúrùlérè, ìyẹ̀fun á ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Bó bá gbá mi mọ́ra lẹ́yìn eré, ṣe ló máa ń dà bíi pé mo fara ti ààrò.

Rọ́gíbì là ń gbá, ikọ̀ àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè yìí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Ẹ má rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni mò ń sọ o. Bọ́ọ̀lù tiwa rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ nìkan lo lè jù ú sí, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí o kọjá, á dì ọ́ níbàdí, á gbé ọ lulẹ̀. Nígbà yẹn, bí mo bá sọ fáwọn ará àdúgbò wa ní Àgùdà pé orílẹ̀-èdè ni mò ń gbá a fún, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Aṣọ àwọn ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ kó fún wa. Jẹ́ésì tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, mo rí bí ọmọ tó jí aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀, síbẹ̀ mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ ra epo lọ́dọ̀ ìyá eléèlò kí wọ́n lè rí mi. Ọmọdé ń ṣe mí.

Èmi ni mo kéré jù nínú gbogbo wọn, lọ́jọ́ orí àti lára. Lọ́jọ́ tí kóòṣì kọ́kọ́ rí mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ẹnu mi nìkan ló tóbi lára mi, ẹnu náà ni òun sì máa fi mí ṣe. Ó fi mí sẹ́yìn àwọn tó sígbọnlẹ̀, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi èjìká ti àwọn alátakò. Èmi ni mo máa sọ ìgbà tí wọ́n á tì, ìgbà tí wọ́n á dúró, ẹni tó máa sáré àti ẹni tó máa fara balẹ̀. Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí. Mi ò tíì ronú kàn án pé gbogbo àwọn tí mo fẹ́ máa pàṣẹ fún yìí ló jù mí lọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá mi. Nílé wa, o ò gbọdọ̀ fi ‘o’ bá ẹni tó fi oṣù díẹ̀ jù ọ́ lọ sọ̀rọ̀. Ìyá mi kì í na ọmọ lọ títí, ìgbátí kan ni, ṣùgbọ́n etí á máa hó di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ balógun wa, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó sì ti bímọ, ohun tí mo ń sọ ni pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ju bọ́ọ̀lù yẹn wá.” Kí n tó dé ‘ẹ jọ̀ọ́’, wọ́n á ti gbé Àǹtí ṣubú, bọ́ọ̀lù á ti lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sú kóòṣì. Lọ́jọ́ kan ó fọn fèrè, ó kó gbogbo wa jọ. Ó ní, “Láti òní lọ, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àǹtí lórí pápá yìí. Tí mo bá gbọ́ ‘ẹ’, gbogbo yín lẹni yẹn ń bá wí. ‘Ẹ tì’, gbogbo yín, ẹ tì. ‘Ẹ dúró’, gbogbo yín, ẹ dúró. Tó bá jẹ́ ẹnì kan lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ‘tì’ ni, ‘dúró’ ni. Ṣó yé yín?” A ní ó yé wa. Ọgbọ́n sì wà níbẹ̀, torí Faransé làwọn tá a fẹ́ bá gbá ń sọ, wọn ò ní gbọ́ ohun tí à ń bá ara wa wí. Àwa sì rèé, ọmọ Mushin, ọmọ Sùúrùlérè, ọmọ Yábàá lọ́pọ̀ wa. Kódà àwọn ọmọ Ìgbò méjì tó wà láàárín wa, Mushin ni wọ́n bí wọn sí, òwe Yorùbá ni wọ́n fi ń bú mi.

Ẹni tó bá ti fi ‘ẹ’ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, á sáré yí pápá ká. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ló kù tó ń sáré. Mo sáré títí ẹsẹ̀ mi fi le ju ti àwọn yòókù lọ, kóòṣì sì ní ó kéré tán, ìwà ọmọlúàbí mi ti ṣe pápá náà ní oore kan, ó ti bá wọn tẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Balógun ló gbà láti kọ́ mi. Lẹ́yìn eré, mo máa ń sìn ín dé Sábó kí n tó padà sí Àgùdà, ojú ọ̀nà yẹn ló fi ṣe kíláàsì. Á lọ síwájú díẹ̀, á ní, “Ó yá, dá mi dúró.” Èmi á ní, “Ẹ dúró.” Á bú sẹ́rìn-ín. “Ta ni àti ta ni? Ṣé mo gbé èèyàn pọ̀n ni? Tún un sọ.” Ó ní òun fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, kí n gbàgbé ọjọ́ orí òun, pé ọ̀wọ̀ tí òun fẹ́ lọ́dọ̀ mi ni kí n tètè sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ní Sábó, mo di ojú, mo fi gbogbo agbára pariwo pé, “Dúró!” Ó dúró lóòótọ́. Bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ náà dúró. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń dá dúró bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni? Ẹ ò rí àbíìkọ́!” Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Balógun ń di ìhà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú, èmi ni mo ní kó ṣe é.” Bàbá wò ó, ó ní, “Ìwọ náà ò gbọ́n nìyẹn.” Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò gbìyànjú ẹ̀ mọ́ lójú ọ̀nà.

Eré tí à ń múra sílẹ̀ fún ni a fẹ́ gbá nílé. Ẹni tó bá jáwé olúborí ló máa lọ síbi ìdíje ńlá lókè òkun. Gbogbo wa la fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé ṣì láyé láti lọ. Ti balógun yàtọ̀. Orúnkún rẹ̀ kan ti ń wú, ọkọ rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan, tí kò bá bọ́ sí i, kó jókòó ti àwọn ọmọ. Kò wọ bàlúù rí láyé rẹ̀. Ó ti ṣe ìwé ìrìnnà sílẹ̀, ó fi ọ̀rá búrẹ́dì wé e kí ìyẹ̀fun má bàa bà á jẹ́, ó sì ti fi í han gbogbo wa títí kan àwọn tó ń ta omi ní ẹnu géètì. Ó ní òun kàn fẹ́ dúró ní ilẹ̀ ibòmíràn, kí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè yìí, kí òun náà gbé ọwọ́ lé àyà. Ohun tó fẹ́ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ eré pé, ìyá mi wá. Kò wá wò mí rí. Ó wé gèlè, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà gan-an. A gbá a dáadáa. Mo ń pariwo “ẹ tì”, wọ́n ń tì. Àwọn mìíràn tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mo ń nàka sí wọn, mo ń fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn, mò ń fi ọgbọ́n yẹra fún ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, a fi díẹ̀ ṣáájú wọn. Àwọn ni bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn, nítòsí ìlà tí à ń ṣọ́, tí wọ́n bá ti tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n jẹ ayò nìyẹn, àwọn èèyàn lé ara wọn lórí níbi tí wọ́n ti ń du ú. Òfin eré náà ni pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ ṣí síwájú kí bọ́ọ̀lù tó jáde níbẹ̀. Tí rẹfiríì bá mú ẹ, àwọn alátakò á rí àmì ayò gbà, àmì yẹn ì bá sì tó wọn láti fi borí.

Mo rí balógun. Ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, ó ti gbé ẹsẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé “Dúró”, kí òun nìkan dúró, kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn mi, ó ń sọ fún ẹnì kan pé, “Èyí tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ọmọ mi nìyẹn.” Mo la ẹnu. “Ẹ dúró!”

Gbogbo wọn dúró. Wọ́n dúró gbọnin, bí kóòṣì ṣe kọ́ wọn, títí kan àwọn ọmọ Mushin méjì yẹn. Ìgbà náà gan-an ni bọ́ọ̀lù jáde. Ọmọbìnrin wọn kan gbé e, ó gba àárín wa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà wa. Rẹfiríì fọn fèrè, eré parí, wọ́n borí. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kó tèmi ròde lọ́jọ́ tí kò yẹ.

Kóòṣì bi wá pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Mo ní èmi ni. Ó ní ta ni mò ń bá wí. Mo tọ́ka sí balógun, mo ní, “Àwọn ni, sà.” Ó ní, “Àwọn wo?” Mo tún wo balógun, mo ní, “Àwọn yìí, sà.” Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ká ní ilẹ̀ lanu, mi ò ní dúró kí wọ́n tì mí.

Àfi ìgbà tí ìyá mi dé ọ̀dọ̀ mi. Kò mọ̀ pé a ti pàdánù, ó rò pé eré kàn tán ni. Ó nu ojú mi, ó ní, “O káre, ọmọ mi. Nínú gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa yẹn, mo gbọ́ bí o ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.” Balógun jókòó sórí koríko nítòsí, ó ń tú okùn bàtà. Ó gbọ́. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ kọ́ ọ dáadáa.” Kò fi ṣe ẹ̀gàn rárá. Ká ní ó bú mi, ǹ bá rí nǹkan fi tu ara mi nínú.

Kò wá sórí pápá mọ́. Ikọ̀ wa dàgbà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rán aṣọ tó ṣe wẹ́kú wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í borí, nígbà tó yá a wọ bàlúù. Èmi náà dúró nílẹ̀ ibòmíràn, wọ́n kọ orin wa, mo gbé ọwọ́ lé àyà. Àwọn yòókù rò pé ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún. Ìtìjú ni. Obìnrin yẹn bẹ̀ mí, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ mí, pé kí n má fi ọ̀wọ̀ dá òun lóró. Ọ̀wọ̀ tí kò béèrè yẹn ni mo fún un, mo sì gba ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí nǹkan bá gbé mi lọ sí Ìwáyà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà.

Ní báyìí, èmi ni wọ́n ń pè ní kóòṣì. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ni mò ń kọ́ lórí pápá kan náà, àwọn tí wọ́n máa di ikọ̀ orílẹ̀-èdè lọ́la. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó ti ga jù ú lọ. Ó ń tiro. Kí n tó dá a mọ̀ dáadáa pé balógun wa ni, ó ti ń tẹ orúnkún rẹ̀ tí kò sunwọ̀n wálẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ọmọ. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, kóòṣì.”

Mo kúnlẹ̀ bàràbàrà. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ fún ara wa, àwọn ọmọ ń wò wá. Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.” Ó ní, “Ẹ̀yin lolùkọ́ ọmọ mi báyìí. Ibi tí mi ò dé yẹn, ẹ bá mi mú un débẹ̀.” Mo pe ọmọ náà, mo fẹ́ kọ́ ọ ní òfin wa àkọ́kọ́, ẹnu mi ò gbé e. Mo ní kó lọ mú bọ́ọ̀lù wá ná. Ìyá rẹ̀ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Òun ló pe ọmọ padà, tó sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́, pé níbí yìí, wọn kì í fi ‘ẹ’ bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, bó ti wù kó dàgbà tó. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòṣì?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Mi ò lè wo ojú rẹ̀.